Obìnrin Kì í Jẹ́ Kúmólú Lásán: Ohun Tó Ń Ti Ọkùnrin àti Obìnrin Wọ Ojú Ìjà

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 2021, obìnrin méjì wọ̀yá ìjà lórí ẹní ìjàkadì nínú ìdíje Òlíńpíìkì Tokyo. Ọ̀kan ni Blessing Oborududu, ọmọ ìpínlẹ̀ Bayelsa, tó ń jà fún Nàìjíríà. Èkejì ni Tamyra Mensah-Stock, ọmọ Amẹ́ríkà tí bàbá rẹ̀ wá láti Gánà. Mensah-Stock ló gbégbá orókè, àmì 4 sí 1. Àmọ́ fàdákà tí Oborududu gbé wálé lọ́jọ́ náà ni àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà rí gbà nínú ìjàkadì.

Ìjà náà dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mensah-Stock sọ pé òun yóò yọ 30,000 dọ́là nínú owó ẹ̀bùn òun fún ìyá òun, kó fi ra ọkọ̀ tí yóò máa fi ta oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ owó nìyẹn. Ó tún sọ bí òun ṣe fẹ́ràn orílẹ̀-èdè tí òun ń ṣojú fún tó. Ọ̀rọ̀ ìlú nìyẹn. Bàbá rẹ̀ sì ti kú nínú ìjàǹbá mọ́tò nígbà tó ń padà bọ̀ láti ibi tó ti lọ wo ìdíje ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà dá ara rẹ̀ lẹ́bi débi pé díẹ̀ ló kù kó kẹ̀yìn sí ìjàkadì. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, èwo ló gbé e débi góòlù?

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń wo ìjàkadì, ìjà ẹ̀ṣẹ́, júdò àti irú wọn, ìdáhùn tí ẹ ó máa gbọ́ kúrú: ọkùnrin ń jà nítorí owó àti òkìkí, obìnrin ń jà nítorí pé ó wù ú. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àmọ́ orísun òótọ́ náà kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń nawọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ìwúrí. Edward Deci àti Richard Ryan, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá méjì ní Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà, ni iṣẹ́ wọn tàn kálẹ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kò béèrè bóyá èèyàn ní ìwúrí tàbí kò ní. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, níbo ló ti ń wá? Ẹ fi wé àtẹ̀gùn. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹni tó ń ṣe nǹkan nítorí ẹ̀bùn tàbí nítorí pàṣán. Lókè rẹ̀ díẹ̀ ni ẹni tí pàṣán náà ti wọ inú rẹ̀ lọ: ẹnikẹ́ni kò lé e mọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá ṣe é, ojú á tì í, ọkàn rẹ̀ á sì máa nà án. Ẹni tó tẹ̀ lé e ti rí ìdí ohun tó ń ṣe. Kò gbádùn kó máa sáré ní aago márùn-ún ìdájí, àmọ́ ó mọ ohun tó ń sáré fún. Lókè téńté ni ẹni tí nǹkan náà fúnra rẹ̀ ń dùn mọ́, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ilé ìdárayá pa, yóò wá ibòmíràn tí yóò ti máa ṣe é.

Oníjà kan náà lè wà lórí àtẹ̀gùn méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, bí a ṣe rí i lára Mensah-Stock. Deci àti Ryan tún sọ ohun mẹ́ta tó ń gbé èèyàn gòkè níbẹ̀: kó mọ̀ pé òun lòún yàn án, kó máa rí i pé ọwọ́ òun ń já gaara sí i, kó sì ní àwọn èèyàn tó ka òun kún tiwọn. Ẹ má gbàgbé ẹ̀kẹta yìí. Òun ló ń yọ obìnrin lẹ́nu jù nínú eré ìjà.

Ó kù ká mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ohun tó wà nínú ọkàn ẹlòmíràn. Wọ́n ń bi í ni. Wọ́n á fún un ní ìwé tí gbólóhùn wà nínú rẹ̀, irú bíi pé inú òun ń dùn bí òun bá kọ́ ọgbọ́n ìjà tuntun, tàbí pé òun fẹ́ kí àwọn èèyàn máa wárí fún òun. Á kọ nọ́ńbà tó kéré jù síwájú èyí tí kò jọ tirẹ̀ rárá, á kọ èyí tó ga jù síwájú èyí tó jọ ọ́ pátápátá. Ní 1988, Diane Gill àti Thomas Deeter gbé irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jáde. Mẹ́ta ni wọ́n pín ìtara eléré ìdárayá sí: ìfẹ́ láti figagbága, ìfẹ́ láti borí, àti ìfẹ́ láti dé ibi tí èèyàn fúnra rẹ̀ fojú sùn. Ọkùnrin ga ju obìnrin lọ nínú méjì àkọ́kọ́. Nínú ẹ̀kẹta, obìnrin kò gbẹ́yìn rárá, ó tiẹ̀ máa ń ṣíwájú. Àwọn ìwádìí mìíràn tó tẹ̀ lé e sì máa ń rí i pé obìnrin eléré ń sọ̀rọ̀ adùn tó wà nínú eré fúnra rẹ̀ díẹ̀ ju ọkùnrin lọ.

“Díẹ̀” ni mo wí. Bí wọ́n bá bo orúkọ orí ìwé náà, tí wọ́n ní kí ẹ fi ohun tí oníjà kọ síbẹ̀ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ẹ ó ṣì í mú léraléra. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín obìnrin kan àti obìnrin kejì pọ̀ ju èyí tó wà láàárín gbogbo obìnrin àti gbogbo ọkùnrin lọ.

Ìwé ìbéèrè pẹ̀lú ní àléébù tirẹ̀: ohun tí ẹnu lè sọ nìkan ló ń gbà sílẹ̀. A ti kọ́ ọmọkùnrin láti kékeré pé kó máa fọ́nnu, kó ní òun á lu lágbájá bolẹ̀. A kọ́ ọmọbìnrin pé kó fara balẹ̀. Claressa Shields, ọmọ ìlú Flint ní Amẹ́ríkà, gba góòlù ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní London 2012 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó sì tún gba òmíràn ní Rio 2016. Ọmọ náà sọ gbangba pé òun fẹ́ràn kí òun máa lu àwọn tó bá kò òun lójú ìjà. Lẹ́yìn góòlù àkọ́kọ́, wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé kó yéé sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí àwọn onígbọ̀wọ́ má baà sá. Ta ló ti gba abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọkùnrin kankan nírú ìmọ̀ràn yìí rí? Bí obìnrin bá kọ nọ́ńbà kékeré síwájú ìfẹ́ láti borí, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọ́n ti ní kó má sọ.

Mo ti wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù lọ́wọ́ mi.

Ìjà ẹ̀ṣẹ́ ọkùnrin wọ Òlíńpíìkì ní 1904, ti obìnrin wọ̀ ọ́ ní 2012. Ọdún 108 ló wà láàárín wọn. Ìjàkadì ọkùnrin wà níbẹ̀ láti ìdíje àkọ́kọ́ ní Athens lọ́dún 1896. Ìlú Athens yẹn náà ni ti obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ọdún 108 lẹ́ẹ̀kan sí i. Júdò ló yá díẹ̀: ọkùnrin ní 1964, obìnrin ní 1992. Ní Cuba, tó jẹ́ ilé ìjà ẹ̀ṣẹ́, oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí obìnrin máa ja ìjà náà.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí á mọ bí asẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ojú asẹ́ bá fẹ̀, gbogbo nǹkan ló ń kọjá. Bó bá wẹ́, ohun tó kúnná nìkan ló ń rí ọ̀nà gbà. Asẹ́ tí ọkùnrin gbà kọjá sínú eré ìjà fẹ̀ lójú. Ẹni tó wá nítorí owó kọjá, ẹni tó wá nítorí òkìkí kọjá, ẹni tó kàn tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá náà kọjá, nítorí pé gbogbo wọn ló rí nǹkan tí wọ́n wá wá. Manny Pacquiao, ọmọ Philippines tó sùn ní ìgboro Manila rí, mọ̀ láti ọmọdé pé ìjà ẹ̀ṣẹ́ lè bọ́ ìyá òun, torí ó ti rí àwọn ọkùnrin tó fi bọ́ tiwọn.

Ti obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sówó níbẹ̀, kò sí ìdíje ńlá, ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́, àdúgbò sì ń fẹnu sí i lára. Obìnrin tó wá nítorí owó wò yíká, kò rí i, ó lọ síbòmíràn. Ẹni tó ń wá òkìkí náà lọ. Ẹni tó ṣẹ́ kù ni ẹni tí ìjà fúnra rẹ̀ dùn mọ́ débi pé kò lè fi í sílẹ̀, àti ẹni tí ará ilé rẹ̀ dì mú níbẹ̀. Nígbà tí a bá wá fún àwọn tó dé òkè téńté ní ìwé ìbéèrè, àwọn tó ti la asẹ́ olójú wẹ́wẹ́ kọjá nìkan là ń bi. Kò wá yẹ kó yà wá lẹ́nu bí wọ́n bá ní ó wù wọ́n ni. Àwọn tí kò wù tó bẹ́ẹ̀ ti padà sílé tipẹ́, wọn ò sí níbẹ̀ láti dáhùn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ gbọ́ ìdí ti Rusty Kanokogi. Ọmọ Brooklyn ni. Ní 1959, ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìdíje júdò kan ní Utica, ní ìpínlẹ̀ New York. Ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn kan fara pa, Rusty bá di àyà rẹ̀ pinpin, ó wọlé jà gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin, ó sì borí. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé obìnrin ni, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fi júdò sílẹ̀. Ní 1980, ó fi ilé rẹ̀ dúró fún owó kí ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún júdò obìnrin lè wáyé ní Madison Square Garden. Ọdún 2009 ni wọ́n tó dá àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ padà fún un, ọdún yẹn náà ló sì kú. Katie Taylor ti Ireland pẹ̀lú, nígbà tó wà lọ́mọdé, fi irun rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ akoto kí wọ́n lè rò pé ọmọkùnrin ni. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní 2001, ló ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tí àjọ tó ń ṣàkóso eré náà fọwọ́ sí ní Ireland. Irú àwọn èèyàn báyìí ni asẹ́ náà jẹ́ kó kọjá.

Bí àlàyé yìí bá tọ́, bí owó bá ti ń wọlé, ìyàtọ̀ àárín ọkùnrin àti obìnrin yẹ kó máa kéré sí i. Ó sì ti ń wọlé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Taylor àti Amanda Serrano jà ní Madison Square Garden kan náà tí Rusty fi ilé dúró fún. Ìjà obìnrin kò tíì jẹ́ olórí ìjà alẹ́ níbẹ̀ rí kó tó dìgbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gba ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ọmọbìnrin tó bá wo ìyẹn lónìí lè wọ jíìmù lọ́la nítorí owó bíi ti Pacquiao, kò sì sí àbùkù kankan níbẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé. Bàbá Taylor ló kọ́ ọ níjà. Bàbá Shields ti ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ rí. Ìyá oníjúdò Ronda Rousey, AnnMaria De Mars, ni ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú júdò, ní 1984. Ní Haryana ní India, Mahavir Singh Phogat kọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìjàkadì láàárín abúlé tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Níbi tí ẹgbẹ́ kò ti ṣílẹ̀kùn, ilé ẹni ló ń di ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn wọlé: Anthony Joshua, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọmọ Ṣàgámù tí wọ́n bí ní Watford, Ben Ileyemi, ọmọ ìbátan rẹ̀, ló mú un lọ sí jíìmù. Obìnrin tó bá jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ni kóòṣì rẹ̀ ń gbé ẹrù méjì: ti eré, àti ti má-dójú-ti-mí.

Ẹrù yẹn hàn kedere ní Rio, ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, nígbà tí a bá fi oníjàkadì obìnrin méjì tí wọ́n jọ wá láti Japan wéra. Kaori Icho ló kọ́kọ́ jà, lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. Lẹ́yìn Beijing 2008, ó ti lọ ń bá àwọn ọkùnrin ṣe ìdánrawò ní Tokyo, nítorí ó fẹ́ mọ ìjàkadì jinlẹ̀ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ, bẹ́ẹ̀ ó ti ní góòlù méjì nílé nígbà náà. Ní Rio, Valeria Koblova ti Rọ́ṣíà fi àmì 2 sí 1 ṣíwájú rẹ̀ títí ó fi ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Icho yí i padà, ó di 3 sí 2. Obìnrin kankan kò tíì gba góòlù eré ẹlẹ́nìkan ní Òlíńpíìkì mẹ́rin léraléra ṣáájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Saori Yoshida, tó ti gba góòlù mẹ́ta ní Òlíńpíìkì àti mẹ́tàlá nínú ìdíje àgbáyé, pàdánù sọ́wọ́ Helen Maroulis ti Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ tó kọ́ ọ níjà láti ọmọ ọdún mẹ́ta ti kú ní 2014. Yoshida fúnra rẹ̀ ni olórí ikọ̀ Japan ní Rio. Ó sunkún kíkorò, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ìlú nítorí pé fàdákà lòun gbà.

Obìnrin ni àwọn méjèèjì, eré kan náà, ìlú kan náà. Ní tèmi, ọ̀kan ń fi ara rẹ̀ òní wé ara rẹ̀ àná, èkejì ru gbogbo ìlú sórí. Bí ẹ bá wá fẹ́ sọ pé omijé Yoshida jẹ́ omijé obìnrin, ẹ wo Kenichiro Fumita, ọkùnrin, ọmọ Japan pẹ̀lú, tí bàbá tirẹ̀ náà jẹ́ kóòṣì ìjàkadì. Ní Tokyo, ní 2021, ó gba fàdákà, ó sì sunkún títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó ní ojú ń ti òun. Ohun tí ìlú àti ilé gbé lé èèyàn lórí ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Àwọn ọkùnrin pẹ̀lú kò jọra wọn. Teófilo Stevenson ti Cuba, tó gba góòlù ní 1972, 1976 àti 1980, kọ owó ńlá tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ kó wá di abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò olówó ní Amẹ́ríkà. Ó yan àwọn èèyàn ilẹ̀ rẹ̀. Daniel Igali, ọmọ Eniwari ní Bayelsa, lọ sí Canada fún ìdíje Commonwealth ní 1994, ó dúró síbẹ̀, ó sì gba góòlù fún wọn ní Sydney 2000. Ó tẹ́ àsíá Canada sórí ẹní ìjàkadì, ó sáré yí i ká, ó kúnlẹ̀ fẹnu kò ó lẹ́nu. Ìmoore nìyẹn, kò jọ òùngbẹ owó. Israel Adesanya tí wọ́n bí ní Èkó sọ pé wọ́n ń yọ òun lẹ́nu nílé ìwé ní New Zealand, àti pé fíìmù Ong-Bak ló mú kí òun bẹ̀rẹ̀ ìjà ní ọmọ ọdún méjìdínlógún.

Àwọn kan gbà pé ìbínú ló dára jù láti fi ti oníjà. Rafaela Silva, ọmọ Cidade de Deus ní Rio, mọ bí ó ṣe ń rí. Ní London 2012, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú júdò nítorí pé ó di ẹsẹ̀ ẹni tó ń bá jà mú, èyí tí òfin kò gbà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n rọ̀jò èébú lé e lórí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń pè é ní ọ̀bọ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ìbínú yẹn kò tì í síwájú. Ńṣe ló ká a mọ́lẹ̀, ó sì fẹ́ fi júdò sílẹ̀. Kóòṣì rẹ̀, Geraldo Bernardes, àti onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá kan ló jókòó tì í títí ó fi padà sórí ẹní. Ní 2013, ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní Rio, ó sì gba góòlù Òlíńpíìkì níbẹ̀ ní 2016, ní ẹ̀gbẹ́ àdúgbò tí wọ́n ti bí i. Ẹ rántí ohun kẹta tí Deci àti Ryan sọ: àwọn èèyàn tó ka òun kún tiwọn.

Fún kóòṣì tó ń kà á nílé wa, ohun tó jáde nínú èyí kò le. Má ṣe fi bí ọmọ ṣe jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin mọ ohun tó ń tì í. Bi í léèrè, kó o sì tún bi í lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí ó máa ń yí padà. Bí o bá ní obìnrin kan ṣoṣo láàárín ogún ọkùnrin, iṣẹ́ rẹ àkọ́kọ́ ni pé kó ní ẹni tí yóò máa bá ṣe ìdánrawò, kó má baà jẹ́ àlejò níbẹ̀. Nípa owó, Deci ṣe ìdánwò kan ní 1971: ó sanwó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kí wọ́n máa to eré àtòpọ̀ kan, kò sì san fún àwọn yòókù. Nígbà tí owó dáwọ́ dúró, ìfẹ́ àwọn tó ti ń gbà á sí eré náà dín kù. Àwọn kan ń fi èyí ṣe àwíjàre pé kí wọ́n má sanwó fún eléré. Irọ́ ni. Owó tí a sọ di ìjánu ló ń pa adùn eré, èyí tí à ń fi ń halẹ̀ mọ́ni. Owó tí a san lásìkò, tó sì jẹ́ ẹ̀tọ́ oníjà, ń gba ẹ̀rù kúrò lọ́kàn rẹ̀ ni. Oníjàkadì Ọdúnayọ̀ Adekuoroye ti Oǹdó, tó gba góòlù Commonwealth ní 2014, 2018 àti 2022, pàdánù ní Tokyo nínú ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Góòlù kẹta yẹn, lẹ́yìn Tokyo ló gbà á. Ẹni tó bá lè dìde bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó tún máa ronú owó ọkọ̀.

Asẹ́ náà kò sì tíì fẹ̀ tán. Ní Paris lọ́dún 2024, góòlù 18 ló wà fún ìjàkadì: 12 fún ọkùnrin, 6 fún obìnrin. Ìjàkadì Greco-Roman, tí Mijaín López ti Cuba ti gba góòlù rẹ̀ ìkarùn-ún léraléra lọ́dún náà, kò sí fún obìnrin kankan.